Ẹ ka wáàtì kí ẹ tó ra sólà: ìfiwéra fún ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe nílé

Tí ẹ bá bi ọlọ́jà sólà léèrè ohun tí ẹ lè rà kí ọ́fíìsì inú ilé yín má baà máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́, sólà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò purọ́ o, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì yín ló ń pinnu bí bátìrì yín yóò ṣe tóbi tó. Bátìrì ló ń pinnu pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn méjèèjì ló sì máa sọ bóyá ẹ máa bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ pátápátá, tàbí ẹ ṣì máa gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà bá ń lé yín.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tí kò ní ọ̀gá: aṣírò-owó tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé wọn, ayàwòrán ilé, olóòtú, atúmọ̀ èdè, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, níbi tí iná ìjọba ti ń bọ̀ tó ń lọ. Ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń ṣe búrẹ́dì nílé nílò ìṣirò mìíràn, nítorí áyọ́ọ̀nù aṣọ àti ààrò oníná kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà.

Tábìlì méjì

Ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù yín dà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí OUTPUT, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà méjì, bíi 19.5V àti 3.34A. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 65 ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn ni wáàtì tó ga jù tí ṣájà náà lè gbé jáde. Tí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti kún, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń tẹ̀wé, kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. 30 sí 45 ló sábà máa ń jẹ. Bí ẹ ṣe máa wo ẹ̀yìn fáànù, ráútà àti gbogbo ohun tó ní wáyà nìyẹn. Iṣẹ́ bí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń gba owó là ju ẹ̀dínwó èyíkéyìí tí ọlọ́jà lè ṣe fún yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé tábìlì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Irú méjèèjì wà káàkiri. W ni wáàtì, ìwọ̀n iná tí ohun èlò ń jẹ; Wh ni wáàtì tí ẹ fi iye wákàtí sọ di púpọ̀.

| Ohun èlò | Tábìlì kìíní | Tábìlì kejì |
|---|---|---|
| Kọ̀ǹpútà | Dẹ́sítọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀ rẹ̀, 200 W | Láptọ́ọ̀pù, 45 W |
| Fáànù | Fáànù onídùúró àtijọ́, 60 W | Fáànù oníbátìrì, 20 W |
| Gílóòbù | Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, 60 W | Gílóòbù LED, 9 W |
| Íntánẹ́ẹ̀tì | Ráútà, 8 W | Ráútà, 8 W |
| Àpapọ̀ | 328 W | 82 W |
| Fún wákàtí 8 | 2,624 Wh | 656 Wh |

Iṣẹ́ kan náà ni tábìlì méjèèjì ń ṣe. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀, ìwé ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣí. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin géérégé iná tábìlì kejì ni tàkọ́kọ́ ń jẹ. Ẹni tó ni ín máa ra bátìrì ìlọ́po mẹ́rin àti pánẹ́ẹ̀lì ìlọ́po mẹ́rin kó tó gbádùn ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń gbádùn. Ẹ wo gílóòbù nìkan: wáàtì 51 ló fi ju ti ẹnì kejì lọ, ìyẹn sì ju ohun tí odindi láptọ́ọ̀pù ń jẹ.

Nítorí náà, tí owó ọwọ́ yín kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí fáànù tẹ̀ lé e, kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé fáànù. Sólà ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ kí ẹ gbọ́ irú èyí.

Láti ibí lọ, tábìlì kejì ni màá máa fi ṣe ìṣirò.

Jẹnẹrétọ̀, ínfátà, sólà

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé. Owó tí wọ́n fi ń rà á kò pọ̀, ibi tó ti ń fani mọ́ra nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbà á, ọ́ìlì yẹn sì ń jóná pẹ̀lú epo: òun lẹ ń rí tó ń tú jáde lẹ́nu sàléńsà ní èéfín tó ní àwọ̀ aró. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í bìkítà bí iṣẹ́ ṣe kéré tó. Kí iná tó ń mú jáde tó dúró déédéé, ẹ́ńjìnnì náà ní láti máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìbáà jẹ́ wáàtì 80 lẹ gbé lé e, ìbáà jẹ́ 500. Ẹ lè fi ọgbọ́n dín iná orí tábìlì yín kù, èyí tí epo fi máa dín kù kò ní tó nǹkan.

Ká ní lítà 5 ló ń mu fún wákàtí 8. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 kábọ́ọ̀nù díókísáìdì sáfẹ́fẹ́. (Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé gáàsì náà wúwo ju epo tó ti jáde lọ, atẹ́gùn ọ́síjìn tó wà láyìíká ló bá kábọ́ọ̀nù inú epo dàpọ̀.) Ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, kílò 11 àti ààbọ̀ nìyẹn, nítorí láptọ́ọ̀pù kan àti fáànù kan. Ká ní náírà 900 ni lítà kan, náírà 4,500 ti lọ kí oòrùn tó wọ̀. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó náírà 200. Kí 2024 tó parí, ó ti ju 1,000 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye tí iṣẹ́ máa ná òun sọ fún oníbàárà kò lè gbára lé irú owó tó ń fò báyìí.

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ńkọ́? Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, òun ló sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé nítorí àwọn olè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ló ń jókòó ti èéfín náà láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń lọ sọ́fíìsì kò jẹ ẹ́ tó o.

Ínfátà tí iná ìjọba ń kún bátìrì rẹ̀ ni ìkejì. Ínfátà kì í ṣẹ̀dá iná. Ó ń tọ́jú èyí tí NÉPÀ mú wá ni (orúkọ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹnu wa ṣì mọ NÉPÀ). Ohun tó bá wọ bátìrì kọ́ ló ń jáde tán, díẹ̀ ń ṣòfò nígbà tó ń wọlé, díẹ̀ ń ṣòfò nígbà tó ń jáde. Kí tábìlì kejì tó rí 656 Wh rẹ̀ lò, mítà yín lè ka nǹkan bíi yúníìtì kan, ìyẹn 1,000 Wh. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pẹ́ jù lójúmọ́ fún) láti náírà 68 lọ sí 225 lórí yúníìtì kan; lẹ́yìn náà wọ́n dín in kù díẹ̀. Ariwo pọ̀ nígbà náà, ó sì tọ́ fún ẹni tó ń fi iná se oúnjẹ. Fún tábìlì tí a ń sọ yìí, owó ọjọ́ kan kò tó owó àkàrà àti ògì.

Iná ìjọba kò mọ́ tónítóní. Gáàsì ni wọ́n fi ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá, tí àwọn ìsédò bíi Kainji, Jebba àti Shiroro sì ń fi omi ṣe ìyókù. Síbẹ̀, kábọ́ọ̀nù díókísáìdì tí yúníìtì kan ń tú sáfẹ́fẹ́ kò tó kílò kan. Ẹ fi í wé kílò 11 àti ààbọ̀.

Ibi tí ínfátà lásán ti ń kùnà ni àdúgbò tí iná kì í pẹ́. Bátìrì 200 Ah (Ah ni wọ́n fi ń sọ iye iná tí bátìrì lè gbé) tí ẹ bá lò dé ìdajì nílò 100 Ah kó tó kún padà. Ṣájà tó yẹ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń fún un ní nǹkan bíi 20 A, ìyẹn wákàtí márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wákàtí mẹ́ta bá ni iná fi ń wá lójúmọ́, bátìrì náà kò ní kún láéláé. Òun ló ń mú kí bátìrì tuntun kú láàárín ọdún kan, tí wọ́n á sì máa bú ẹni tó tà á.

Sólà wá ni ẹ̀kẹta. Ọlọ́jà lè jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé pánẹ́ẹ̀lì 400 W ń mú wáàtì 400 wá láti àárọ̀ dalẹ́. Rárá. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, oòrùn ojúmọ́ kan jọ wákàtí bíi mẹ́rin tó mú gan-an, 1,600 Wh nìyẹn lórí ìwé. Ooru ń jẹ níbẹ̀: bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àyè afẹ́fẹ́ wà láàárín òun àti páànù. Eruku ń jẹ níbẹ̀, wáyà ń jẹ níbẹ̀. Tí 1,100 Wh bá dé inú bátìrì, ẹ dúpẹ́. Ó tó fún tábìlì kejì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń dúdú lọ́jọ́ púpọ̀, pánẹ́ẹ̀lì kan kò ní tó. Méjì ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí iná ìjọba máa ràn án lọ́wọ́.

Ohun méjì ló ń ba sólà jẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Èkínní ni òjìji. Ẹ̀ka igi màńgòrò kan tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo èyí tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn, nítorí náà ẹ gun orí òrùlé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ wo ibi tí òjìji ń bọ́ sí. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì. Oríṣi méjì ló wà, PWM àti MPPT. PWM kò wọ́n, àmọ́ tí ẹ bá fi so pánẹ́ẹ̀lì ńlá òde òní mọ́ bátìrì 12 V, ó ń da èyí tó pọ̀ nínú iná náà nù. Ẹ béèrè fún MPPT, kí ẹ sì rí orúkọ náà lára ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù kó tó gbóná. Ọṣẹ kò pọn dandan.

Èwo ni kí ẹ yàn? Tí ẹ bá wà ní Band A tí iná sì ń dúró lóòótọ́, ínfátà àti bátìrì ti tó, ẹ fi owó pánẹ́ẹ̀lì pamọ́ ná. Tí iná yín kì í tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, sólà ni, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì. Ní ti jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù fún tábìlì kan ṣoṣo, mi ò rí àwíjàre kankan fún un mọ́. Ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè bá ará ilé kejì dá owó epo.

Bátìrì: olómi àbí líthíọ́ọ̀mù

Ibí lowó ń lọ sí jù, ibẹ̀ náà ni irọ́ pọ̀ sí jù.

Bátìrì olómi ńlá tí wọ́n ń pè ní tubular, 12 V 200 Ah, gbé 2,400 Wh lórí ìwé. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,200. Líthíọ́ọ̀mù (ẹ wá èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára) 12.8 V 100 Ah gbé 1,280 Wh, ẹ sì lè lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìṣe é léṣe, ìyẹn bíi 1,150. Nọ́ńbà ara ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì, síbẹ̀ ohun tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá fi 200 wé 100 lọ́jà láìbéèrè èyí máa rò pé wọ́n ń fi líthíọ́ọ̀mù rẹ́ òun jẹ.

Wọ́n yàtọ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Olómi yẹn tó nǹkan bíi kílò 60, èèyàn méjì ló ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Líthíọ́ọ̀mù 100 Ah wà láàárín kílò 10 sí 14. Ẹ lo èyí fi dán ọlọ́jà wò: tí wọ́n bá gbé 100 Ah fún yín tó fúyẹ́ bíi kílò márùn-ún, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Olómi máa ń pẹ́ tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú náà kò le: ẹ ṣí ìdérí kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ẹ wò ó bóyá omi ti lọ sílẹ̀, kí ẹ fi omi bátìrì kún un. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe piọ́ wọ́tà. Tí rìwáyà bá ní òun fẹ́ bu ásíìdì tuntun sí i kí ó lè "jí", ẹ dá a dúró. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ, ẹni tó bá ń fi ásíìdì kún un ń jẹ irin inú rẹ̀ ni. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, nítorí gáàsì tó ń gbiná ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gbaná.

Líthíọ́ọ̀mù LiFePO4 kò fẹ́ omi, kò tú gáàsì nígbà tó ń gbaná, ó sì lè pẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rù iná tí àwọn kan ń bà nítorí fóònù tó gbiná ní ibì kan, oríṣi líthíọ́ọ̀mù mìíràn ló wà nínú fóònù. Èyí kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ló ń le lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á.

Ti àyíká ńkọ́? Òjé ló kún inú bátìrì olómi. Ó ṣeé yọ́, ó ṣeé tún lò, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹ lọ wo Ògíjò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé jáde láti inú bátìrì àlòkù: àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn ará àdúgbò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọmọdé wà lára wọn. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sì sí iye rẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tí kò léwu. Bí bátìrì kan bá ṣe pẹ́ sí i lọ́wọ́ yín ni èyí tó ń lọ síbẹ̀ ń dín kù. Nítorí náà, líthíọ́ọ̀mù ni mo fara mọ́ bí agbára bá gbé e. Bí kò bá gbé e, olómi kan tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa sàn ju líthíọ́ọ̀mù àtúntò tí wọ́n fi bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù lẹ̀ pọ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ ni kí ẹ má rà rárá, olómi tàbí líthíọ́ọ̀mù.

Láptọ́ọ̀pù: tuntun àbí tòkunbọ̀

Ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn ibí yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe fún afẹ́fẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú páálí: ìwakùsà, ìyọ́rin, ṣíṣe ojú rẹ̀ àti àwọn ṣípù inú rẹ̀. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́rin ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó tún lo mẹ́rin sí i lọ́wọ́ yín ti pín ẹ̀ṣẹ̀ yẹn sọ́nà méjì. Tòkunbọ̀ wá lérè, ó tún rọ àpò lọ́rùn.

Ẹ kàn ní láti mọ èyí tí ẹ ń rà. Microsoft dá ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ. Ẹ wo orúkọ ṣípù náà: i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7200U jẹ́ ìkeje. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn méjèèjì lè jókòó lórí káńtà kan náà kí owó wọn má jìnnà síra. Tí ìran keje bá ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sí i tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àpótí dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà, kí ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`. Ó máa ṣe ìwé kan fún yín. Níbẹ̀ ni ẹ máa rí DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Tí èkejì bá ti lọ sábẹ́ ìdajì èkínní, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ọlọ́jà á fajúro, á sì gbà nígbẹ̀yìn.

Ayàwòrán ilé àti ẹni tó ń ṣe fídíò ní ẹjọ́ tiwọn. Ohun tí tòkunbọ̀ máa fi wákàtí mẹ́ta ṣe, tuntun lè ṣe é ní ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà á sì ti sùn kí tòkunbọ̀ tó parí. Tuntun ni kí wọ́n rà.

Ooru: fèrèsé, fáànù, éésì

Éésì ni ohun tó lè da gbogbo ìṣirò òkè yìí rú. Oní-1 HP ń fà tó wáàtì 750 sí 1,000 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, ìlọ́po mẹ́wàá tábìlì kejì tàbí súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì gbé e láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kò ra sólà fún ọ́fíìsì mọ́, éésì ló ń ra sólà fún.

Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwòrán ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Ògiri oníhò ló yí i ká, oòrùn kò lè ta síwèé tààrà, atẹ́gùn sì ń gba ìhà kan wọlé, ó ń gba ìkejì jáde. Yàrá yín lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n. Ẹ gbé tábìlì sí yàrá tó ní fèrèsé ní ìhà méjì bó bá wà, kí ó má jẹ́ èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta sí ògiri rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí fáànù kọ ojú sí yín, kì í ṣe sí yàrá lápapọ̀. Ara yín ló nílò afẹ́fẹ́, ògiri kò nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńtéènì ni ilé yín, tàbí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ tí ariwo òde kò gbọ́dọ̀ wọlé, éésì lè di dandan. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ inverter àti R32 sí lára (inverter ibí yìí kì í ṣe ínfátà bátìrì, éésì tó lè dín agbára ara rẹ̀ kù ni; R32 ni gáàsì tó ń mú un tutù). Tí gáàsì R32 bá jò jáde, ìpalára tó ń ṣe fún ojú ọjọ́ jẹ́ ìlọ́po 675 ti kábọ́ọ̀nù díókísáìdì. R410A tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ ìlọ́po 2,088.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé títẹ̀

Láti oṣù Kìíní 2023 tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ti wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ló ti sá lọ sí i, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ àwo rẹ̀ oníwọ̀n gbogboògbò ń jẹ wáàtì 75 sí 100 láìdákẹ́, ìyẹn tó tábìlì kejì lódindi tàbí súnmọ́ ọn. Mini rẹ̀ ń jẹ 25 sí 40. MiFi kékeré kò ju bíi 5 lọ. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá dára ládùúgbò yín, MiFi ni. Bí kò bá dára, ẹ ka Starlink mọ́ ìṣirò bátìrì yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pa á bí ẹ kò bá lò ó.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń gbóná, ínfátà kékeré á sì máa ké. Èyí tó ń lo íǹkì ìgò jẹ́jẹ́ lórí iná, kò sì ní káátíríìjì tí ẹ ó máa jù nù, àmọ́ íǹkì rẹ̀ ń gbẹ tí ẹ bá pa á tì. Ẹni tí kì í tẹ̀wé lójoojúmọ́, kó lọ sí business centre tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀rọ kan fún gbogbo àdúgbò sàn ju ẹ̀rọ kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Ayálégbé

Onílé lè má jẹ́ kí ẹ lu ìṣó mọ́ páànù òun, òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tí òjò bá jò. Ẹ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ lè gbé pánẹ́ẹ̀lì lé férémù irin lórí ilẹ̀ tàbí lórí fàráńdà tó bá rí oòrùn tó. Ẹ lè ra àpótí iná alágbèéká tí bátìrì àti ínfátà wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n ju kí ẹ ra wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó bá sì bàjẹ́ kò rọrùn fún rìwáyà àdúgbò láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó ilé bá pé tí ẹ kò san mọ́, ẹ ó gbé e jáde ni. Tàbí kí ẹ bá onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiyín ni gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ òrùlé, àti pé ẹ̀yin lẹ máa dí ihò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó níbí, pàápàá tí onílé bá jẹ́ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jogún ilé.

Nígbà tí wọ́n bá kú

Àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù kiri máa ra bátìrì yín lójú ẹsẹ̀, owó wọn sì máa ń dùn mọ́ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n lè da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà kí ó lè fúyẹ́, kí wọ́n sì kó òjé lọ sí ibi tí a ti sọ. Láptọ́ọ̀pù àti ráútà tó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jó wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ á padà wá bá gbogbo wa. Láti 2011 ni òfin NESREA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àyíká, lórí ohun èlò abánáṣiṣẹ́ ti wà, EPRON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 sì ni ẹgbẹ́ tó ń so àwọn tó ń ṣe ohun èlò mọ́ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti tú wọn palẹ̀. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ yẹn ni kí ẹ wá, bí owó tí wọ́n ń san kò bá tilẹ̀ tó ti ọmọlanke.

Ọlọ́jà bátìrì tuntun náà sábà máa ń gba èyí tó kú, á sì yọ díẹ̀ nínú owó fún yín. Ẹ bi í léèrè ilé-iṣẹ́ tó ń kó o fún kí ẹ tó fà á lé e lọ́wọ́. Ní ti láptọ́ọ̀pù, ẹ tú díìsìkì inú rẹ̀ kúrò kó tó kúrò nílé. Ìwé owó àwọn oníbàárà yín ṣì wà níbẹ̀.